Yàrà àbí Yàrá: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Ogun Wa Létí Odò

Ǹjẹ́ ẹ ti rí i rí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí àmì ohùn kan ṣoṣo sọ akínkanjú di ojo? Èmi rí i. Inú ìdílé tèmi gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, n kò sì lérò pé ẹ̀rọ ni yóò bá wa dá sí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí irun orí mi bá ti funfun tán.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá ni mo ṣe jẹun ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn tí mo kọ́ mọ̀ mí sí ẹni tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ lórí àmì ohùn. Bí ọmọ bá kọ "igba" láìfi àmì tó yẹ sí i, n ó bi í bóyá igbá tí a fi ń bu omi ló ń wí, tàbí ìgbà tí ń lọ tí kì í padà. Bí kò bá rí i dáhùn, yóò kọ ọ́ ní igba ìgbà kí ó tó lọ jẹun ọ̀sán. Ẹ wá wo bí ayé ti rí: ìwé kan ṣoṣo tí ó jẹ́rìí sí ògo ìdílé mi, kò ní àmì kankan lórí.

Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé àwọn baba wa bá Òyìnbó jagun létí odò, nígbà tí Òyìnbó fi ìbọn ńlá wá ṣí ọ̀nà ilẹ̀ wa. Oko ìdílé wa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó kọjú sí odò. Ohun tí a gbọ́ láti kékeré ni pé baba tó bí baba bàbá mi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbẹ́ yàrà gígùn síbẹ̀, wọ́n sì lúgọ sínú rẹ̀ tìbọntìbọn lọ́jọ́ ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ó kọ́kọ́ mọ̀wé nínú agboolé wa, sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan. Gbólóhùn kan péré ni: "Baba wa ninu yara ni ojo ogun na."

Ó parí síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn wa yóò kà á pé bàbá wà nínú yàrà, ìyẹn kòtò ogun. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wá ṣẹ̀sín yóò kà á pé bàbá wà nínú yàrá, pé ṣe ni ó wọ ìyẹ̀wù lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi àyà gbọta.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà ni ó fẹ́ràn kíkà kejì yìí. Alájì ni mo ń pè é. Páànù àti ìṣó ni ó ń tà kí ó tó fi ìsọ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Oko tirẹ̀ àti tiwa jọ pààlà. Èmi náà ni mo fi ẹnu ara mi ka ìwé náà sí i létí nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo rò pé mo ń yangàn, n kò mọ̀ pé ọ̀bẹ tí wọn yóò fi gún mi ni mo ń pọ́n. Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí a bá ti pàdé, ìbáà jẹ́ níbi òkú, yóò gbé e kalẹ̀.

"Tíṣà! Dò-dò ni àbí dò-mí?"

"Dò-dò ni, Alájì. Etí rẹ ló di."

"Dò-mí ni! Yàrá ni! Baba yín da aṣọ borí, ó ní kí wọ́n jí òun bí ogun bá tán."

Àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín, èmi náà a bá wọn rín in. Ẹ̀rín náà kì í sì í dé ìsàlẹ̀ ikùn mi.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan tí kò tíì pẹ́ rárá, ọ̀mọ̀wé obìnrin kan wá kí mi nílé láti yunifásítì, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láìgbẹ́ ilẹ̀. Ó ń tọpa ibi tí ogun létí odò ti wáyé, wọ́n sì ti júwe oko wa fún un.

"Ẹ máa mọ ohun tó wà nísàlẹ̀, ẹ ò sì ní gbẹ́ ẹ?" Bí mo ti bi í nìyẹn, bí ẹni ń bi ọmọ kíláàsì.

"A ò ní fọwọ́ kan ọkọ́, Bàbá. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́ rí dà bí ara tó gba ọgbẹ́ rí. Ó lè jinná, koríko lè hù bò ó, àpá á ṣì wà níbẹ̀. Ojú ni ò rí i. Ẹ̀rọ wa á rí i."

Mo mú wọn lọ sí abúlé wa lẹ́bàá oko náà lọ́jọ́ náà gan-an, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi àgbọ̀n júwe ibẹ̀: "Ibi yàrà bàbá wa nìyẹn, ọmọ mi." Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ohun gbogbo sínú fóònù rẹ̀; òun ni ọ̀mọ̀wé fi ṣe akọ̀wé, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọn yóò sì bá ṣiṣẹ́. Èmi kò wo ohun tó tẹ̀. Ojú mi kì í fẹ́ẹ́ rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú fóònù, n kò sì fẹ́ kí àlejò mọ̀.

Ní ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ìpàdé àwa tí a bí ní sáà kan náà, mo dìde, mo sì fi tayọ̀tayọ̀ ròyìn pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń bọ̀ wá fi ẹ̀rọ wo oko wa. Kí n tó jókòó ni Alájì ti fò sókè.

"Ẹ jẹ́rìí o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi! Bí ẹ̀rọ yẹn bá rí yàrà kankan lórí ilẹ̀ Tíṣà, n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú gbogbo yín. Bí kò bá rí i, òun ni yóò dọ̀bálẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé yàrá ni baba òun wà."

"Mo gbà!" Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí làákàyè mi tó dá sí i. Ẹyin lohùn. Nígbà tí mo délé ni mo rò ó wò. Ká ní mo pàdánù, ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni yóò pa mí. Èwo ni kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ pe baba ńlá rẹ̀ ní ojo, kí ẹ̀gbọ́n mi sì gbọ́ ọ?

Ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo múra bí ẹni tó ń lọ gba àmì ẹ̀yẹ. Mo wọ dàńṣíkí tó gbámúṣé, mo fi pólíìṣì dán bàtà aláwọ̀ dúdú tí mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò lè jẹ́ kí ọ̀mọ̀wé bá mi ní sálúbàtà. Ìmúra náà pẹ́. Nígbà tí ọ̀kadà fi gbé mi dé oko, wọ́n ti ta okùn funfun sílẹ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀bá àlàpà ilé àtijọ́ ìdílé wa lókè ni wọ́n ta á sí, pé kì í ṣe ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé àwọn tó kàwé tó báyìí yóò mọ ìdí rẹ̀. Àgbà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ní kí ọmọdé máa béèrè ohun tí kò bá yé e, ojú ti òun láti béèrè.

Ẹ̀rọ kìn-ín-ní dà bí ọ̀pá gígùn olórí méjì. Ẹni tó gbé e ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó ń tọ ojú okùn lọ, ó ń tọ ojú okùn bọ̀. Ọ̀mọ̀wé ṣàlàyé pé ẹ̀rọ yìí máa ń mọ irin, ó sì máa ń mọ ilẹ̀ tí iná ti jó rí. Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ń sọ ìtàn, mo ń na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, wọ́n yẹ ojú ẹ̀rọ wò, ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kígbe pé irin pọ̀ nílẹ̀ yìí ju bí àwọn ti rò lọ, pé gbogbo ojú okùn ló kún fún un.

"Ọta ìbọn ni!" Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá Alájì kiri pẹ̀lú ojú. Ó wà lábẹ́ igi obì ní ààlà, ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé.

Ọ̀mọ̀wé kò yọ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ dákun, ẹ bọ́ bàtà yín."

Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú gìgísẹ̀ bàtà náà. Èmi tí mo ti ń wọ̀ ọ́ láti ọdún gbọọrọ kò mọ̀. Ibi gbogbo tí mo bá a rìn dé ni ẹ̀rọ ti ń kọ mí sílẹ̀ bí ọta ogun.

Alájì rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi obì mú. "Wàláhì, ogun tí bàtà Tíṣà jà ni wọ́n rí! Ẹ wá wo ojú ogun!"

Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ oko bàbá mi nínú ọyẹ́. Kí n má purọ́, ara tù mí. Wọ́n tún gbogbo iṣẹ́ òwúrọ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkókoré ọ̀sán dé, tó rí mi láìní bàtà, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ní kí n ṣọ́ra fún ẹ̀gún.

Ọjọ́ kejì ni omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ọ̀mọ̀wé ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó pè wá kí a wá wò ó. Lórí àwòrán náà, nínú eérú-eérú tó bo ojú rẹ̀, ohun kan hàn gedegbe: ìlà mẹ́rin tó ṣe régé, igun mẹ́rin tó pé. Ìpìlẹ̀ ni, pẹ̀lú ibi tí àdògán ìdáná wà tẹ́lẹ̀ ní igun kan.

"Kí lẹ rí?" Alájì béèrè. Kò tíì rí ẹni dá a lóhùn tó fi ki ọrùn bọ àárín wa.

Ọmọ tó tẹ ọ̀rọ̀ sínú fóònù lọ́jọ́ ìjelòó dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. "A ti rí i, Bàbá! Yàrá ni."

Ẹ̀yin ènìyàn, Alájì kò rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ bọ́ fìlà. Ó wo ojú ọ̀run bí ẹni dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó yí sí mi, tó rọra kọ ọ́ lórin: "Dò-mí."

"Ilé àtijọ́ ni wọ́n rí, Alájì! Ta ni kò mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wá ibi tí baba yín wà, wọ́n sì rí i. Ẹ̀rọ kò mọ̀ mí rí, Tíṣà, kò jẹ nílé mi. Lọ máa fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ, kí ìdọ̀bálẹ̀ lè rọrùn."

Mo lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń bó ewùrà, kò gbójú sókè.

"Àbúrò mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Èmi ò kàwé o. Kí ló dé tí wọ́n ń wá yàrà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ibi tí ẹ júwe nìyẹn?"

"Èmi? Ìsàlẹ̀ ni mo júwe, níbi tí ilẹ̀ ti dà sódò. Àlàpà ló wà láàárín èmi àti ibẹ̀. Ta ló ń gbẹ́ kòtò ogun sẹ́yìn ilé ìdáná? Ṣé ọbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ bá jà?"

Ìmọ́lẹ̀ tàn sí mi. Mo dìde láìwá ọ̀pá, mo lọ bá ọmọ náà, mo ní kó fi ohun tó kọ lọ́jọ́ náà hàn mí. Ó fẹ lẹ́tà rẹ̀ lójú fún mi. Ó wà níbẹ̀, gbọọrọ, láìní àmì kankan: "yara baba, leyin ile."

"Ọmọ mi, ka ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní yẹn fún mi."

"Yàrá, sà."

"Kí ni ìyá yẹn pè é?"

Ó gbìyànjú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tí ó dé ibẹ̀. "Yàrà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Háà. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

N kò bínú sí i. Báwo ni n ó ṣe bínú? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá ọmọ náà. Mo kàn gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ yàrà àti yàrá sára rẹ̀ gàdàgbà-gadagba, mo fi àmì sórí wọn, mo ní kó kà á sí mi létí títí ohùn rẹ̀ fi là. Ọ̀mọ̀wé obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ẹ̀rín dá lẹ́nu rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n ká okùn, kí wọ́n kó o lọ sí ìsàlẹ̀.

"Arúmọjẹ!" Alájì kígbe láti abẹ́ igi obì. "Ẹ ti rí èsì, ẹ tún ń wá òmíràn!"

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n lò. Wọ́n gún irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ilẹ̀ ní títò, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, wọ́n sì rán iná díẹ̀ gba inú ilẹ̀ kọjá. Ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì dí padà máa ń rọ̀, ó máa ń pa omi mọ́, iná a sì máa tètè gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tí ọkọ́ kò kàn rí a máa le mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti gbẹ orí ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irin náà kò fi mú un dáadáa. Wọ́n ní àfi kí àwọn bu omi sí ìdí ìkọ̀ọ̀kan.

Omi wọn tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fún ọ̀tá mi ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: Alájì ni ó dìde, tí ó gbé búta tó fi ń ṣe àlùwàlá wá, tí ó sì ń tọ ìdí irin kọ̀ọ̀kan, ó ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀.

"Irin náà fẹ́ kírun ni? N ó bá a ṣe é. Kí wọ́n má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé àìsí omi ni kò jẹ́ kí wọ́n rí yàrà Tíṣà."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, a tún yí kọ̀ǹpútà ká. Àwòrán náà ń jáde láti òkè wá sílẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Pupa ni ilẹ̀ líle, búlúù ni ilẹ̀ tó rọ̀. Pupa, pupa, pupa. Lẹ́yìn náà ni búlúù kan yọ, ó fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn méjì lè dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wà lórí ìlà tó tẹ̀ lé e, ó wà lórí èkejì, ó wà lórí gbogbo wọn. Ó tẹ̀ kọrọdọ bí apá tó na yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ká, ó kọjú sí odò.

"Kò sí ilé tó rí báyìí," ọ̀mọ̀wé sọ. "Kòtò ni. Ó jọ pé ènìyàn ló gbẹ́ ẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà lẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ fọhùn: "Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ìṣòro kan ló kù. Búlúù náà kò dúró sí ilẹ̀ wa. Ó kọjá ààlà, ó wọ inú oko ẹ̀gẹ́ Alájì lọ. Bí wọn kò bá tọ̀ ọ́ débẹ̀, ọ̀mọ̀wé kò ní lè sọ bóyá yàrà gidi ni tàbí kòtò tí àgbàrá gbẹ́, nítorí àgbàrá a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò ni, kì í gba ìbú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún Alájì, ó bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa wo ọkùnrin náà. Bí ó bá kọ̀, ìdọ̀bálẹ̀ kò sí fún un. Ó mọ̀, mo mọ̀.

Alájì wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ó wò mí. "Ẹ kọjá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Wọn kò ní sọ pé ìdílé tèmi bẹ̀rù kòtò."

Wọ́n kọjá lọ́jọ́ kẹrin. Yàrà náà gba ìbú oko rẹ̀ já, kò sọ̀ kalẹ̀ sódò níbi kankan.

Kí ọ̀mọ̀wé tó lọ, ó pe àwa méjèèjì jókòó. Ó ní òun lè fọwọ́ sí i pé àwọn ènìyàn gbẹ́ kòtò gígùn síbẹ̀ tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń la odò kọjá. Ó ní ẹ̀rọ kò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ, kò sì lè sọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, àfi bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

"O gbọ́?" Alájì gún mi ní ìgbúnwọ́. "Wọn ò rí baba yín níbẹ̀!"

"Yàrà kankan lo ní wọn ò ní rí, Alájì. Ẹlẹ́rìí wa kò kéré."

Ní ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó ká apá agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Ó gbórí sókè láti ilẹ̀, ó ní, "Yàrà ni mo dọ̀bálẹ̀ fún o. N kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún baba Tíṣà." Ìbàdí rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dìde fúnra rẹ̀, èmi àti ẹnì kan la gbé e dìde.

Wọn kò tíì gbẹ́ ilẹ̀ náà. Títí di òní, kò sí ẹni tó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé baba ńlá mi wà nínú yàrà lọ́jọ́ ogun.